Àwọn Tí Kò Kú ní Cannae

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo gbé e mì, kò lọ. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́, kò jáde. Inú ìwé Livy, òpìtàn Róòmù, ni mo ti kàn án. Àwọn ọmọ ogun kan ń bẹ àwọn àgbà ìlú wọn, nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ náà di ìbéèrè: ṣé ẹ̀yin a máa tètè dárí ji ara yín àtàwọn ọmọ yín ni, tó bá wá kan orí yẹpẹrẹ tiwa yìí, ẹ ó máa kanra?

Mo ti ń ka ìwé ogun Róòmù láti ọjọ́ tí mo ti ra àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àwọn ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ, títí di òní mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Láti ìgbà náà, mo ti rà tó ogún. Ìyàwó mi a máa bi mí pé kí ló kàn mí nínú ìjà àwọn tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò ní èsì gidi fún un. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni: bí wọ́n ṣe ń to ọmọ ogun, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ yàrà yí ibùdó wọn ká níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, bí ẹnì kan ṣe máa jókòó ro ọgbọ́n kan, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì rìn wọnú ọgbọ́n náà bí ẹja ṣe ń wọ ìgèrè.

Àfi ìgbà tí gbólóhùn yẹn bà mí nínú jẹ́ mọ́ àwọn ìwé mi.

Àpótí pupa, àpótí búlúù

Bí ẹ bá ti ka méjì péré nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ àwòrán ogun Cannae. Àpótí pupa ni Róòmù, ó ki pọ̀ láàárín bí ìkúùkù. Àpótí búlúù ni Hannibal, balógun ìlú Carthage ní Áfíríkà tó gbógun wọ Ítálì, ó fẹ́lẹ́, ó yọ ikùn síwájú. Nínú àwòrán kejì, ikùn búlúù ti wọnú. Nínú ẹ̀kẹta, búlúù ti yí pupa ká bí okùn ẹrù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọgbọ́n ibẹ̀ dùn ún kà, mi ò ní purọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 216 ṣáájú ìbí Krístì ni, ní gúúsù Ítálì, létí odò tí wọ́n ń pè ní Aufidus nígbà náà. Polybius, òpìtàn Gíríìkì, ní ẹlẹ́sẹ̀ Róòmù tó 80,000, ẹlẹ́ṣin wọn lé ní 6,000. Ẹlẹ́sẹ̀ Hannibal jẹ́ 40,000, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ 10,000. Ó kó àwọn Gaul àti ará Sípéènì sí àárín, ó sì mọ̀ pé wọ́n á máa fà sẹ́yìn. Ó fi àwọn ará Líbíà tó le jù sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí Róòmù ṣe ń ti àárín lọ tí inú wọn ń dùn pé àwọn ń ṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rìn wọ àárín àwọn ará Líbíà, tí àwọn yẹn sì yíjú sí wọn lọ́tùn-ún lósì. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn ẹlẹ́ṣin Hannibal ti lé ti Róòmù dànù, wọ́n wá gba ẹ̀yìn yọ. Ẹnu ìgèrè ti padé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwòrán kì í fi hàn. Ìhámọ́ra Róòmù ló wà lára àwọn ará Líbíà wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n bọ́ lára òkú nínú àwọn ogun tó ṣáájú. Ẹ rò ó wò ná. Nínú eruku, ẹni tó ń bọ̀ wá pa ọ́ wọ ẹ̀wù ogun tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú sí.

Eruku náà ní ìtàn tirẹ̀. Livy ní ẹ̀fúùfù kan tí wọ́n ń pè ní Volturnus ló ń da iyẹ̀pẹ̀ sójú àwọn ará Róòmù. Frontinus, tó ti ṣe gómìnà Britain rí kó tó wá di alábòójútó omi ìlú Róòmù, kó o mọ́ àwọn ọgbọ́n ogun tó tò jọ sínú ìwé tirẹ̀, ó ní Hannibal mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi tí ẹ̀fúùfù á ti gbè é ni. Ó tiẹ̀ sọ Volturnus di odò! Bóyá ọ̀rọ̀ omi ló ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ní ti iye òkú Róòmù, Polybius ní 70,000. Livy ní ẹlẹ́sẹ̀ 45,500 àti ẹlẹ́ṣin 2,700. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnu àwọn méjèèjì nìkan tó odindi ìlú kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará Carthage jáde lọ kó ìkógun. Livy ní wọ́n bá àwọn kan tí orí wọn wà nínú ihò. Àwọn fúnra wọn ló fi ọwọ́ gbẹ́ ihò náà, wọ́n ki orí bọ̀ ọ́, wọ́n sì wa yẹ̀pẹ̀ bo ojú wọn kí èémí lè tán. Ó ṣòro fún mi láti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwé tó wà nílé mi ló fi ihò yẹn pa orí ìtàn náà dé. Ẹ ṣí ewé tó kàn, Scipio ti Róòmù ti dàgbà, ó ti di balógun, a ti dé Zama ní Áfíríkà, níbi tó ti ṣẹ́gun Hannibal, ọdún 202. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá láàárín ewé méjì. Àwọn ọ̀gágun ayé òde òní náà kì í kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: Alfred von Schlieffen ti Jámánì, lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, orí Cannae ló ń kọ̀wé lé, bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀tá ká ló sì ń wá.

Ẹni tó kú ti kú. Àwọn tí kò kú ńkọ́? Ìyẹn ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá kiri, láti orí kan sí òmíràn nínú Livy, bí ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀ láàárín èrò mọ́tò.

Ọkà, aṣọ àti owó ọ̀nà

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí wọn ni ibùdó kékeré tó wà létí odò. Ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀tá ti rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sì jókòó, wọ́n ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa wá kó àwọn lẹ́rú. Ọ̀gá ogun kan tó ń jẹ́ Publius Sempronius Tuditanus ní òun ò ní jókòó. Ó to àwọn tó bá a dìde bí ẹnu àáké, wọ́n gbé asà sí apá tí ọ̀kọ̀ ti ń bọ̀, wọ́n là á kọjá. Nǹkan bí 600 ló jáde.

Láti ibẹ̀, gbogbo ẹni tó bá lè rìn forí lé ìlú Canusium. Livy ní wọ́n tó 10,000. Àwọn ará ìlú ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n fún wọn ní òrùlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan ló ṣe ìyókù. Busa ni orúkọ rẹ̀, olówó, ọmọ ilé ńlá. Ó fún wọn ní ọkà, ó fún wọn ní aṣọ, ó tún fún wọn ní owó ọ̀nà. Mo dúró lórí owó ọ̀nà yẹn pẹ́. Ẹni tó bá fún èèyàn ní owó ọ̀nà gbà pé ó ní ilé tó ń padà sí.

Livy fi kún un pé nígbà tí ogun parí, Sẹ́nétì Róòmù, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, dá Busa lọ́lá nítorí oore yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. A máa padà débẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà ní Canusium tí kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọmọ ọlọ́lá kan ń gbìmọ̀ láti wọkọ̀ ojú omi sá kúrò ní Ítálì pátápátá, ó fa idà yọ lé wọn lórí, ó mú wọn búra pé àwọn ò ní kọ Róòmù sílẹ̀. Scipio ni. Òun náà sá kúrò ní Cannae, gẹ́gẹ́ bí àwọn 10,000 yòókù. Èyí kì í wọ àwòrán.

Ní ẹnu ibodè

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti yí lójú mi nìyí. Róòmù ń yan olórí méjì lọ́dọọdún, consul ni wọ́n ń pè wọ́n, bí méjèèjì bá sì jọ wà lójú ogun, ọjọ́ kan ni ti èkíní, ọjọ́ kejì ni ti èkejì. Lucius Aemilius Paullus kú ní Cannae. Gaius Terentius Varro ló ni àṣẹ lọ́jọ́ yẹn, òun ló ní kí wọ́n jáde lọ jà, òun náà ló sì gun ẹṣin sá lọ sí ìlú Venusia pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin ìwọ̀nba. Nígbà tó yá, ó padà sí Róòmù.

Kí lẹ rò pé wọ́n fi pàdé rẹ̀? Ó wà nínú Livy, òpin ìwé kejìlélógún. Èrò jáde láti gbogbo ipò, wọ́n lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sọ ìrètí nù lórí ìlú. Livy ní ká ní balógun Carthage ni, kò sí ìyà tí wọn ì bá fi dù ú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ibẹ̀, orí mi wú. Mo ní irú ìlú wo rèé! Ẹni tó fi ọmọ yín ṣòfò báyìí, ẹ ò fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ ò pa á, ẹ ní ó ṣeun tó padà wálé, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Mo tiẹ̀ kà á fún ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ìwé náà bá mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní ìdí tí Róòmù fi borí nìyẹn.

Àmọ́ bí ẹ bá ṣí ewé sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ àwọn tí Hannibal kó. Ó fẹ́ gba owó lórí wọn: owó fàdákà 500 lórí ẹlẹ́ṣin, 300 lórí ẹlẹ́sẹ̀, 100 lórí ẹrú. Àwọn tó wà nígbèkùn yan mẹ́wàá nínú ara wọn, wọ́n búra pé àwọn á padà, wọ́n wá sí Róòmù wá bẹ̀bẹ̀. (Ọ̀kan nínú wọn ti jáde ní ibùdó ọ̀tá tán, ló bá ní òun gbàgbé nǹkan, ó sáré wọlé, ó tún jáde. Ó ní òun ti padà nìyẹn, ìbúrà ti tán lọ́rùn òun. Polybius ní Róòmù dè é tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n dá a padà fún Hannibal. Ẹlẹ́tàn pàdé ẹlẹ́tàn.) Àwọn obìnrin kún ìta Sẹ́nétì, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lọ́mọ, lọ́kọ, lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Titus Manlius Torquatus, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Sẹ́nétì, dìde, ó ní ṣé Tuditanus kò pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni? Kí ló dé tí wọn ò tẹ̀lé e jáde? Sẹ́nétì ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀.

Wọ́n ṣì nílò ọmọ ogun o. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi owó ìlú ra 8,000 ẹrú tó jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n fẹ́ jagun, wọ́n sì kó ohun ìjà fún wọn. Livy, tí kì í fẹ́ sọ ohun tí kò dáa nípa Róòmù, kò lè pa á mọ́ra: ó ní owó tí wọn ì bá fi ra àwọn ìgbèkùn padà kéré sí owó tí wọ́n fi ra ẹrú wọ̀nyí.

Nítorí náà kì í ṣe owó. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá máa gbé idà mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ṣẹ́gun tàbí kí ẹ kú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá rà yín. Polybius yin ìpinnu yìí gan-an, ó ní ayọ̀ ìṣẹ́gun Hannibal rọ̀ nígbà tó gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kò gbọ́n. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé ta ni ọgbọ́n yẹn já lé lórí.

Mo jà, mo sá

Àwọn àgbà wa ní mo jà, mo sá là ń mọ akínkanjú lójú ogun; akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, á bógun lọ. Òwe ẹni tó ti rí ogun nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó sá lónìí lẹ ṣì máa bẹ̀ lọ́la. Bí ó bá sì di pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ìtìjú ogun, olórí ogun ló ń rù ú: Samuel Johnson kọ ọ́ pé bí Ààrẹ Ọ̀nà Kakanfò bá jáde ogun, ó di dandan kó ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Ó le, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá a padà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹrù náà wà ní èjìká ẹni tó pàṣẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí kì í ṣe ti Róòmù nìkan, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ọdún náà ti pẹ́. Ọ̀gá wa yọ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ méjì kúrò, ó ní kí ìnáwó lè dínkù. Kò pé oṣù méjì tí àwọn olè fi wá lóru, wọ́n kó páálí ọjà tó kún ọkọ̀. Àwa mẹ́rin la wà lẹ́nu iṣẹ́. Méjì nínú wa gba ẹ̀yìn fò ògiri, èmi jẹ́ ọ̀kan, ojúgun mi sì ya lára ìgò tí wọ́n tò sórí ògiri náà.

Láàárín oṣù yẹn, wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Wọ́n ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un. Kéèkì wà, ìrẹsì wà nínú kúlà ńlá méjì, àwa náà la gbé àga. Ẹnì kan láti òkè dìde, ó ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé kò jẹ́ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ dà á láàmú. Ọ̀gá gbàdúrà fún wa. Ní ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́rin gba lẹ́tà: wọ́n ti gbé wa lọ sí ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í sábà gbà. Ọdún mẹ́ta, kò sí ìgbéga, kò sí ẹ̀kún owó. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé mo ṣì ní iṣẹ́.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí eegun ẹja yẹn fi há.

Ọwọ́ ta ni kálàmù wà?

Mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí Varro náà kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Ẹ̀bi Cannae ni wọ́n rù lé e lórí pátá. Livy ní ọmọ alápatà ni, bíi pé ẹran tí bàbá rẹ̀ tà ló ṣẹ́ ogun. Àmọ́ ẹ wo ilé tí Polybius ń gbé nígbà tó ń kọ̀wé tirẹ̀. Wọ́n kó o wá sí Róòmù láti Gíríìsì gẹ́gẹ́ bí ẹni ìdógò, ó sì di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Scipio Aemilianus. Bàbá tó bí Aemilianus ni ọmọ Paullus, ìyẹn Paullus tó kú ní Cannae. Inú ilé ọmọ-ọmọ Paullus ló ti gbọ́ pé Paullus kò fẹ́ kí wọ́n jà lọ́jọ́ yẹn, pé Varro ló kó bá wọn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Síbẹ̀ náà, ẹ̀bi tí wọ́n kọ sínú ìwé kò dí Varro lọ́wọ́ nígbà tó wà láàyè. Wọ́n tún fún un ní àṣẹ ogun fún ọdún bíi mélòó kan. Ní ọdún 200, wọ́n rán an níṣẹ́ ìlú lọ sí Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yàn án mọ́ àwọn mẹ́ta tó máa lọ fi olùgbé tuntun kún ìlú kan. Ìlú wo? Venusia. Ibi tó sá lọ lọ́jọ́ Cannae. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín náà kò sì dùn.

Máìlì mẹ́wàá

Erékùṣù Sísílì ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tó sá bọ́ ní Cannae lọ. Wọ́n ní wọ́n á wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ogun bá ṣì wà ní Ítálì. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi òfin mìíràn lé e: ní ìgbà òtútù, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé inú ìlú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pa ibùdó sí ibi tó sún mọ́ ìlú kankan ju máìlì mẹ́wàá lọ. Ẹ fojú inú wo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nínú àgọ́, tí òjò ń rọ̀, tí wọ́n mọ̀ pé iná àdògán ń jó nínú ilé kan ní máìlì mẹ́wàá síwájú, òfin sì ní kí wọ́n má dé ibẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Cannae ni wọ́n rán àwọn aṣojú sí Marcellus, balógun tó wà ní Sísílì. Ibẹ̀ ni gbólóhùn tèmi ti wá. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì sí ariwo nínú rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ consul tí àwọn tẹ̀ lé. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ogun tó bá àwọn sá ti ń du ipò, wọ́n ti ń ṣèjọba lórí ìgbèríko. Ẹ̀yin a máa tètè dárí ji ara yín àtàwọn ọmọ yín. Orí yẹpẹrẹ tiwa wá ńkọ́? Wọn ò bẹ̀bẹ̀ láti lọ sílé o. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni ogun. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ibi tó léwu, kí àwọn lè fi ẹ̀jẹ̀ wẹ orúkọ àwọn.

Mo mọ̀ pé ẹnu Livy fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde; bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpìtàn ìgbà yẹn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé lábẹ́ Augustus, tó fẹ́ràn Róòmù bí ojú, jókòó ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, ó ro ohun tí ọmọ ogun tí kò lórúkọ máa sọ, ó sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Marcellus kọ̀wé sí Sẹ́nétì. Èsì dé: Sẹ́nétì kò rí ìdí tí wọ́n fi máa fi ìlú lé àwọn tó fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lójú ogun lọ́wọ́. Bí Marcellus bá rò pé ó dáa, kó ṣe bó ṣe fẹ́, kìkì pé kò gbọ́dọ̀ yọ ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn akíkanjú bó ti wù kó jà tó, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ Ítálì nígbà tí ọ̀tá bá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí Busa fún lówó ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó bọ́ wọn gba ọlá. Àwọn tó jẹun náà kò rí ojú ọ̀nà ilé.

Ọdún tó lé ní mẹ́wàá lẹ́yìn Cannae ni Scipio dé Sísílì, ó ń kó ogun jọ láti fi kọjá sí Áfíríkà. Légíónì (ẹgbẹ́ ogun ńlá Róòmù) karùn-ún àti ìkẹfà kún fún àwọn tó jẹ́ ti Cannae. Livy ní kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe ojo wọn ló fa ìjákulẹ̀ Cannae, àti pé kò sí ọmọ ogun Róòmù mìíràn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó wọn. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ sá gbà lọ sí Canusium. Òun ti di balógun. Ní ọdún 204 tí wọ́n wọkọ̀ ní Lilybaeum, Tuditanus tó là kọjá pẹ̀lú àwọn 600 ni consul ní Róòmù. Àwọn yòókù ṣì ń gbé asà.

Zama, ẹ ti mọ̀ ọ́n: àwọn erin, àlàfo tí Scipio fi sílẹ̀ kí erin lè gbà á kọjá, àwọn ẹlẹ́ṣin Masinissa, ọba Numidia tó ń gbè sẹ́yìn Róòmù, tó yí wá láti ẹ̀yìn bí ti Cannae. Àpótí pupa, àpótí búlúù. Hannibal ṣubú. Lẹ́yìn ogun, wọ́n pín ilẹ̀: iugera (ìwọ̀n ilẹ̀ àwọn ará Róòmù) méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi jagun ní Sípéènì tàbí ní Áfíríkà. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó dárúkọ Sísílì.

Ibi tí mo ti rí wọn kẹ́yìn ni Masidóníà, ọdún 199. Livy kò pè wọ́n ní ará Cannae, mi ò lè búra sí i, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, kí ẹ sọ fún mi ta ni wọ́n tún lè jẹ́. Ẹgbàá ọmọ ogun ni wọ́n, ìyẹn 2,000. Nígbà tí wọ́n ti ṣẹ́gun Hannibal, wọ́n kó wọn láti Áfíríkà padà sí Sísílì, wọ́n tún kó wọn láti Sísílì lọ sí Masidóníà, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn ọmọ ogun náà ní irọ́ ni, tipátipá ni wọ́n fi tì wọ́n sínú ọkọ̀. Wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Nígbà tí consul Publius Villius dé, ó bi wọ́n ní ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ó ti tó ọdún púpọ̀ tí àwọn ti rí Ítálì. Wọ́n ní àwọn ti di arúgbó nínú ìhámọ́ra, ní Sísílì, ní Áfíríkà, ní Masidóníà. Wọ́n ní iṣẹ́ ti tán àwọn lókun, ọgbẹ́ ti fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára àwọn.

Villius dá wọn lóhùn pé ohun tí wọ́n béèrè tọ́ bí wọ́n bá fi sùúrù béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀. Kí wọ́n padà sí abẹ́ àsíá wọn, kí wọ́n máa gbọ́ràn. Òun á kọ̀wé sí Sẹ́nétì.

Mo yí ewé. Ohun tó kàn nínú Livy ni pé Philip, ọba Masidóníà, ń gbógun ti ìlú kan tó ń jẹ́ Thaumaci.